Samuel Johnson: Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi tó kọ ìtàn ilẹ̀ bàbá rẹ̀

Bí o bá ti gbọ́ ìtàn bí Àfọ̀njá ṣe dìtẹ̀ mọ́ Aláàfin, bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe tú, bí Kúrunmi ṣe bá Ìbàdàn jagun ní Ìjàyè, tàbí bí ayé ṣe yí mọ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà lórí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹni tó sọ ọ́ fún ọ ti rí i. Orúkọ ẹni náà ni Àlùfáà Samuel Johnson. Orúkọ ìwé rẹ̀ ni The History of the Yorubas, tó jáde ní ọdún 1921.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sí London, Houston tàbí Toronto kò mọ̀ ni pé wọn kò bí ọkùnrin yìí sí ilẹ̀ Yorùbá. Àjò ni wọ́n bí i sí. Ó ti pé ọmọ ọdún 11 kó tó fi ojú kan ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá. Àwa tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àǹtí máa ń fi ohùn wa ṣe yẹ̀yẹ́ níbi àríyá, ó yẹ ká mọ ìtàn ọkùnrin yìí dáadáa.

Hastings, nítòsí Freetown

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ọdún 1846, ni wọ́n bí Samuel ní Hastings, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Freetown ní Sierra Leone. Henry Erugunjinmi Johnson ni bàbá rẹ̀, Sarah ni ìyá rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá náà, wọ́n sì so ìdílé rẹ̀ mọ́ Aláàfin Abíọ́dún, ọba tí àwọn àgbà máa ń dárúkọ ìgbà rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ayé ìgbà tó dẹrùn. Kí ni ọmọ ọba Ọ̀yọ́ wá ń ṣe ní Sierra Leone? Ogun ni. Nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ dàrú, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú bí ẹni kó àgbàdo, wọ́n ń tà wọ́n sí etíkun. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ òkun nígbà náà máa ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró, wọ́n á sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba orúkọ òyìnbó níbẹ̀. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe di Johnson nìyẹn.

Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Sierra Leone débi pé àwọn tó kù fún wọn lórúkọ: Aku. Wọ́n ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí ìkíni wọn, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Nílé, Ẹ̀gbá ni Ẹ̀gbá ń pe ara rẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ni Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú ni Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bá ara wọn jà. Ìgbà tí wọ́n bá ara wọn ní ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n tó rí i pé èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Orúkọ náà Yorùbá, tí wọ́n máa ń fi pe àwọn Ọ̀yọ́ nìkan tẹ́lẹ̀, láàrin àwọn ará àjò wọ̀nyí àti àwọn ìjọ tó ń kọ́ wọn ní ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í di orúkọ gbogbo wa. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther gan-an, inú wọn ló ti jáde.

Nígbà tí David Hinderer, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS ní Ìbàdàn, ń wá àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́, bàbá Johnson kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní ó tó àkókò láti padà sílé. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 ni wọ́n wọ Ìbàdàn, wọ́n sì ń gbé ní Kúdẹtì. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún 11 tí wọ́n mú kúrò níbi tó mọ̀, tí wọ́n ní ó ń lọ sílé, tó sì jẹ́ pé ilé náà ni kò mọ̀ rí. Àwa kan mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìlú ogun

Ìbàdàn tí Samuel bá kì í ṣe ìlú tó ń ṣeré. Ibùdó ogun ló ti bẹ̀rẹ̀, akíkanjú lójú ogun ló sì ń fún èèyàn ní oyè níbẹ̀, kì í ṣe ilé tí wọ́n bí i sí. Ìbíkúnlé ni Balógun nígbà náà. Kò ju ọdún méjì tí àwọn Johnson dé tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, wọ́n fi Adélù ọmọ rẹ̀ jọba. Kúrunmi ti Ìjàyè kò gbà, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn ọba tuntun. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Kúrunmi. Ní 1862 ni Ìjàyè fọ́.

Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà Èkó pa, wọn ò sì tètè ṣí i lẹ́yìn tí Ìjàyè fọ́. Àwọn òyìnbó tó wà ní Kúdẹtì kò rí owó gbà, kò sí ọjà tó ń wọlé. Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Àárín ìyà yìí ni Samuel ti ń dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìwé rẹ̀ fi mọ ogun tó bẹ́ẹ̀, bí oúnjẹ ṣe ń wọ́n, bí ọ̀nà ṣe ń dí, bí ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ìjòyè kan ṣe ń fọ́ odindi ìlú, ibi tó ti kọ́ ọ nìyẹn.

Wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti CMS ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ ọ̀gbẹ́ni Bühler. Ní 1866 ó ti padà sí Kúdẹtì, ó di tíṣà. Ní 1875 wọ́n sọ ọ́ di katikíìsì ní Arẹ̀mọ, ní 1880 ó di díákónì, ní 1888 ó di àlùfáà kíkún. Èyí tó kan ìtàn wa jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n wá gbé e lọ, ìlú tí Àtìbà tẹ̀ dó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ìlú náà kò tóbi tó Ìbàdàn, kò sì lágbára bíi tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ààfin wà níbẹ̀, àwọn arọ́kin sì wà nínú ààfin.

Ẹni tó ń gbọ́

Àwọn arọ́kin ni ìwé ìtàn Ọ̀yọ́ kí ìwé tó dé. Iṣẹ́ ìdílé ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ orúkọ àwọn ọba, ẹni tó jẹ tẹ̀ lé ẹni, ogun tí ọba kọ̀ọ̀kan jà àti bí ó ṣe kú, wọ́n á sì máa kà á lórí ohùn níwájú Aláàfin. Johnson jókòó ti àwọn wọ̀nyí, ó ń gbọ́, ó ń kọ.

Kò sì dúró sí ọ̀dọ̀ wọn nìkan. Nínú ìwé rẹ̀, ó dárúkọ àwọn àgbà mìíràn tó kọ́ ọ. Ọ̀kan ni David Kukomi, bàbá àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn, tí ọ̀rọ̀ ogun ìgbà èwe rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un. Èkejì ni Josiah Oni, oníṣòwò tí kì í bẹ̀rù ọ̀nà nígbà tí ọ̀nà léwu. Ẹ̀kẹta ni Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ọba tó mọ ìtàn gan-an. Ẹ wo bó ṣe yàn wọ́n: ẹni tó mọ ojú ogun, ẹni tó mọ ojú ọ̀nà, ẹni tó mọ inú ààfin. Àwa tí wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn níhìn-ín, ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń sọ fún wa lójoojúmọ́ nìyẹn, pé ká má gba ẹ̀rí láti ẹnu ẹnì kan. Ọkùnrin yìí ti ń ṣe é ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn láìsí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀.

Kí ló ń lé e? Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé náà, tó kọ ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ tiwọn. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò parun. Ẹ̀sùn tó fi kan àwọn ọ̀dọ́ ìgbà ayé rẹ̀, a kò lè sọ pé kò kàn wá.

Ìkan dùn wá díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èdè Yorùbá ló fi gba gbogbo ìtàn náà, èdè Yorùbá ló fi ń wàásù, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé. Ní 1911, kí ìwé tirẹ̀ tó jáde rárá, Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá gidi. Akínyẹlé yìí kan náà ló di Olúbàdàn ní 1955. Nítorí náà, kì í ṣe pé èdè wa kò lè gbé e.

Ìránṣẹ́ àlàáfíà

Johnson kò kàn jókòó kọ ìtàn, ó wà nínú rẹ̀. Ogun tí àwọn èèyàn ń pè ní Kírìjí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kò lè gba ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn mọ́, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn láti máa gba owó òde. Wọ́n para pọ̀, wọ́n ní Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà ló kó ogun Ìbàdàn jáde. Ìbàdàn pàgọ́ sí apá Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ wà ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń yìnbọn lu ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìró ìbọn ńlá àwọn Èkìtì ló sọ ogun náà ní Kírìjí. Ní 1885 Látòósà kú sí ibùdó, ogun kò sì tíì parí.

Ní 1881 ni Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti kọ lẹ́tà sí Gómìnà ní Èkó pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá wọn dá sí i, Johnson sì ni ìránṣẹ́ tó gbé lẹ́tà náà. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, láti lọ bá àwọn méjèèjì tó ń jà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀tá dé, ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á gbọ́? Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ láti àgọ́ dé àgọ́. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira, àwọn ìlú bíi Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdà àti Ìgbájọ dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá fẹ́ gbé níbẹ̀ lè kó ẹrù rẹ̀ lọ. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tú àgọ́ ká, tí wọ́n sì dáná sun ún. Gbogbo wàhálà náà kò parí pátápátá títí di 1893, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń sùn sójú ogun láti ìgbà èwe wọn padà sílé lọ́dún 1886 yẹn.

Ìdí nìyẹn tí apá tó sọ nípa ogun yìí nínú ìwé náà fi rí bí ìròyìn. Ẹni tó mọ àwọn èèyàn náà lójú ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ tó ń fi ránṣẹ́ sí ìjọ CMS nígbà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà, wọ́n wà pẹ̀lú àwọn ìwé CMS ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín.

Ìwé sọnù lẹ́ẹ̀mejì

Ní 1899, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́, wọ́n fi ìwé tí Johnson fọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ní 1900, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní London àti Edinburgh, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yà lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àwọn kò mọ ibi tí ìwé náà wà mọ́, àwọn sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Odindi ìtàn ìran kan, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ ọ́ ti wọ ilẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ san owó. Obadiah kò fi bò pé ọ̀rọ̀ náà kò yé òun, ó sì fura pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Àwa náà kò rí ìdí tí kò fi yẹ kó fura.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, 1901, Samuel Johnson kú. Ẹni ọdún 54 ni. Ó kú láìrí ìwé rẹ̀, ohun tó sì mọ̀ nígbà tó ń lọ ni pé iṣẹ́ náà ti ṣòfò.

Ọwọ́ Obadiah ni ó kù sí. Dókítà ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó tún jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ó kó àwọn ìwé àkọránṣẹ́ àti ẹ̀dà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sílẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà á lọ́dún tó pọ̀.

Nígbà tó tán, ogun àgbáyé ti bẹ́. Wọ́n fi ìwé náà sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Appam. Oṣù Kìíní 1916 ni Möwe, ọkọ̀ ogun Jámánì, gba Appam lójú òkun, àwọn Jámánì sì darí rẹ̀ gba Amẹ́ríkà lọ, wọ́n gúnlẹ̀ sí Virginia. Ìtàn Yorùbá wá di ìgbèkùn ní Amẹ́ríkà, ní etíkun kan náà tí wọ́n ti já ẹrú sí láyé àtijọ́. Ó pẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ni í. Nígbà náà, bébà ti wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti wà lójú ogun, wọ́n tún ní láti dúró kí ogun parí.

Obadiah náà kú ní London ní 1920. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé náà jáde, ó lé ní 600 ojú ìwé. Orúkọ àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí èyí tó fọwọ́ kàn án nínú wọn.

Ibi tó yẹ ká ti la ojú wa

A kò ní sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà ni ká gbé mì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, arọ́kin Ọ̀yọ́ ló kọ́ ọ, Ọ̀yọ́ ló sì wà láàrin gbogbo ohun tó kọ. Ìtàn tó sọ nípa bí oyè Ọọ̀ni ṣe bẹ̀rẹ̀, pé ìran ẹrú tí wọ́n fi ṣọ́ ojúbọ ni, àwọn ará Ifẹ̀ kò gbà á títí dòní, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti má gbà á, nítorí ojú Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi wò ó. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti àwọn apá ìlà-oòrùn kò rí àyè tó tó wọn. Ó gbé ìtàn Lámúrúdu kalẹ̀, ó ní Mẹ́kà kọ́ ni a ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé apá Íjíbítì òkè tàbí Núbíà ni. Àwọn òpìtàn òde òní kò tẹ̀ lé e níbẹ̀. Àlùfáà ìjọ ni pẹ̀lú, ó sì rí ìwọlé àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó dàgbà sínú ogun, tó rí bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ èèyàn lẹ́rú, a lè lóye ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀, kódà bí a kò bá gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá a jiyàn gan-an, inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ní 1993, Tóyìn Fálọlá kó àròkọ àwọn onímọ̀ jọ sí odindi ìwé kan nípa Johnson àti iṣẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ìyìn àti àríwísí ló kún inú rẹ̀.

Ìwé Johnson fúnra rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀. Bí 600 ojú ìwé bá ń bà ọ́ lẹ́rù, má bẹ̀rẹ̀ láti orí Odùduwà. Lọ sí orí tó sọ nípa orúkọ nínú apá kìíní. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì, àti orúkọ àbíkú. Wá tìrẹ níbẹ̀, kí o sì pe màmá tàbí bàbá rẹ àgbà lórí fóònù láti bi wọ́n bóyá bí Johnson ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni àwọn náà ṣe mọ̀ ọ́n.